Ṣé àwọn gálásì kékeré ti jáwọ́ nínú bíbí ìràwọ̀ ni, àbí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀?

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní físíìsì ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo kà á níbì kan pé ìràwọ̀ tí wọ́n ń bí nínú àgbáálá ayé lónìí ò tó nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn. Mo tún kà á níbòmíì pé àwọn gálásì kékeré ṣì ń bí ìràwọ̀ títí dòní. Ibòmíì tún wá ní àwọn tó kéré jù ti parí tiwọn látìgbà ìwáṣẹ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́? Àwọn ọmọ SS2 mi ló bi mí, mi ò sì fẹ́ dá wọn lóhùn yàkàtà. Àti pé ṣé gálásì kékeré kankan wà tí wọ́n lè fojú lásán rí láti Abẹ́òkúta?"

Mà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìbéèrè gidi ni wọ́n bi yín, torí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ayé wọn ṣe nìyẹn. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò sì ta kora. Gálásì, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ àti gáàsì tí òòfà dì pọ̀, ohun tó ń da èèyàn láàmú nípa ẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n ń kó pọ̀ pè ní kékeré yìí ò dọ́gba rárá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn fúnra wọn pọ̀ ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn kan nínú wọn àti gálásì tiwa lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá di ohun kan ṣoṣo mú, gbogbo ẹ̀ á yanjú, ohun náà ni gáàsì. Gálásì tó bá ṣì ní gáàsì tútù lọ́wọ́ á máa bí ìràwọ̀, ì báà kéré, ì báà tóbi. Èyí tí gáàsì bá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ó ti parí fún un nìyẹn. Gálásì kékeré sì ni gáàsì máa ń tètè bọ́ mọ́ lọ́wọ́, òun ni gbogbo àlàyé tí mo fẹ́ ṣe yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àgbáálá ayé lápapọ̀ kúrò ńlẹ̀. Ó ti tó bílíọ̀nù 13.8 ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìràwọ̀ bíbí gbóná jù ni nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn, àtìgbà náà ló ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé ti òní ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10 ti ìgbà yẹn lọ. Gálásì tiwa, Milky Way, pẹ̀lú gbogbo ìràwọ̀ ẹ̀ tó ju bílíọ̀nù 100 lọ, gáàsì tó ń sọ di ìràwọ̀ lọ́dún kan ò ju ìwọ̀n oòrùn kan sí méjì lọ. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ nìyẹn o, àwọn gálásì ńlá ló sì ń darí àpapọ̀ torí ọwọ́ wọn ni ìràwọ̀ tó pọ̀ jù wà. Ẹni tó bá fi àpapọ̀ yẹn díwọ̀n àwọn kékeré á ṣìnà.

Báwo wá ni kékeré ṣe kéré tó? Large Magellanic Cloud wà níbẹ̀, ó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 160,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ á rìn fún 160,000 ọdún kó tó tibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìràwọ̀ ló wà nínú ẹ̀, kékeré ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹ wá wo Segue 1, tí ò jìnnà tó ìyẹn pàápàá, bíi 75,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ péré. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ pọ̀, bíi ti oòrùn 300 ni. Ìràwọ̀ kan wà lójú ọ̀run tiwa yìí tó ń jẹ́ Canopus, òun nìkan ṣoṣo tàn ju gbogbo gálásì yẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po! Ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣì máa pè é ní gálásì ni pé àwọn ìràwọ̀ inú ẹ̀ ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, tí kì í bá ṣe pé dark matter tí a ò lè fojú rí wà níbẹ̀ tí òòfà ẹ̀ ń dì wọ́n mú, wọn ì bá ti túká tipẹ́. Segue 1 àti Large Magellanic Cloud, ẹ ò lè retí pé kí ìtàn àwọn méjèèjì jọra.

Àwọn ọmọ á bi yín pé báwo lẹ ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì yẹ kí wọ́n bi yín. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni pé ká wo ọ̀nà jíjìn, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ti pẹ́ lọ́nà, bí gálásì yẹn ṣe rí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ gbéra là ń rí. Ìyẹn dáa fún gálásì ńlá. Ti kékeré, ìmọ́lẹ̀ wọn ò tó nǹkan, tó bá ti jìnnà díẹ̀ ojú tẹlískóòpù ò ká a mọ́. Ọ̀nà kejì ló gbà wá: ká mú gálásì kékeré tó wà nítòsí, ká yẹ ìràwọ̀ inú ẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká fi mọ ìgbà tí wọ́n bí èyí àti ìgbà tí wọ́n bí tọ̀hún.

Ibí yìí ni kí ẹ dúró sí dáadáa pẹ̀lú wọn, torí ẹ lè yà á sórí bọ́ọ̀dù. Gálásì kékeré kan wà tó ń jẹ́ Leo A. Tẹlískóòpù Hubble ya fọ́tò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi fíltà kan gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ búlúù, wọ́n fi òmíì gba èyí tó sún mọ́ pupa, kọ̀ǹpútà wá wọn ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò méjèèjì. Ẹ fa ìlà kan tó dúró, ẹ pè é ní bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, ẹ fa ìkejì tó dùbúlẹ̀, ẹ pè é ní àwọ̀, búlúù lápá òsì, pupa lápá ọ̀tún, kí ẹ wá fi tótó kan sí i fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tótó yẹn ò ní kàn fọ́n kiri o, wọ́n á tò bí ipa ọ̀nà. Ìràwọ̀ tó wúwo máa ń mọ́lẹ̀ gan-an, ó máa ń jẹ́ búlúù, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹ̀ ò gùn, èyí tó wúwo tó oòrùn 20 ò ní lò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún lọ tí á fi kú. Oòrùn tiwa á lò tó bílíọ̀nù 10. Èyí tó bá fúyẹ́ ju oòrùn lọ dáadáa, tí wọ́n bá tiẹ̀ ti bí i látìgbà tí àgbáálá ayé ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì kú títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Torí náà, tí ẹ bá rí tótó búlúù lókè pátápátá, kò tíì pẹ́ tí wọ́n bí ìyẹn. Tí ẹ ò bá rí ọ̀kankan lókè, tí ipa ọ̀nà búlúù yẹn kàn ti ìsàlẹ̀ wá tó sì yà sápá pupa láìdé òkè, á jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí gálásì yẹn ti bímọ kẹ́yìn. Ibi tó ti yà yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mọ iye ọdún. Tó bá yà nísàlẹ̀ gan-an, ó ti lé ní bílíọ̀nù 10 ọdún nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ yẹn ni ìràwọ̀ ti ń ṣe bàìbàì jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò Hubble, tí wọ́n sì ń lo tẹlískóòpù James Webb tí wọ́n gbé lọ sókè ní ọjọ́ Kérésìmesì 2021.

Ó yá, ká wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Nígbà tí àgbáálá ayé ò tíì tó bílíọ̀nù kan ọdún, gálásì kékeré ló pọ̀ jù, torí àwọn kékeré ló ń dà pọ̀ di ńlá. Gáàsì háídírójìn wà lọ́pọ̀ yanturu, ó ń ṣubú wọ àwọn ibi tí dark matter ti kóra jọ, ó ń tutù, ó ń ṣù, ìràwọ̀ ń jáde. Àwọn ìràwọ̀ ìgbà yẹn, àwọn tó wúwo nínú wọn gbóná kọjá sísọ, ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, èyí tí ojú ò lè rí, tó ń jáde lára wọn wá ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù háídírójìn káàkiri àárín àwọn gálásì, ó sì ń gbé ooru gáàsì yẹn dé nǹkan bí 10,000 dígírì. Kí àgbáálá ayé tó pé nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ọdún, iṣẹ́ yẹn ti parí níbi gbogbo. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí ooru ń ṣe sí gáàsì, á máa sáré, á máa fẹ̀. Gálásì tó wúwo lè rọ́jú dì í mú. Àwọn tín-ín-tín, òòfà wọn ò ká a, gáàsì tó wà níta ò lè wọlé mọ́, ìwọ̀nba tó ti tutù sínú ni wọ́n ń ṣẹ́ lò títí tó fi tán. Àwọn tó parí látìgbà ìwáṣẹ̀ tí ẹ kà nípa wọn nìyẹn. Ní 2014, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ kan, Tom Brown, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé èsì jáde lórí 6 nínú wọn tí wọ́n fi Hubble wò, Hercules wà níbẹ̀, Leo IV wà níbẹ̀, Ursa Major I náà wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìràwọ̀ wọn ti wà ńlẹ̀ nígbà tí àgbáálá ayé ṣì kéré sí bíi bílíọ̀nù kan ọdún, nígbà tó fi máa di bílíọ̀nù 11 àti ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, ó ti tán pátá. Gálásì mẹ́fà tí wọn ò sí lójú kan náà, tí wọ́n jọ dáwọ́ dúró lásìkò kan náà, ó ṣòro kéèyàn ní ó kàn ṣèèṣì ni. Ohun kan tó bo gbogbo ibi ló ṣe wọ́n, èmi ò sì mọ òmíì tó bá a mu tó ooru yẹn.

Ta ló wá tan iná yẹn? Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí. Ní 2024, Hakim Atek àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lo James Webb láti wo ẹ̀yìn àwùjọ gálásì ńlá kan tó ń jẹ́ Abell 2744. Òòfà àwùjọ yẹn lágbára débi pé ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ó ń jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tóbi sí i lójú wa. Wọ́n wá tipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí àwọn gálásì kékeré 8 láti ìgbà tí àgbáálá ayé ò tíì pé bílíọ̀nù kan ọdún, wọ́n sì rí i pé ultraviolet tó ń jáde lára wọn tó ìlọ́po 4 ohun tí wọ́n ti ń fojú bù tẹ́lẹ̀. Kékeré pọ̀ ju ńlá lọ nígbà yẹn lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá fi pípọ̀ wọn lé agbára tí wọ́n ní yìí, ó jọ pé àwọn gálásì kékeré ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, tí iná tí wọ́n jọ dá wá gba gáàsì lọ́wọ́ àwọn tó kéré jù nínú wọn. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe rí ọ̀nà jáde kúrò nínú gálásì tó, àríyànjiyàn gidi sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ nìyẹn.

Àwọn tó wúwo díẹ̀ jù wọ́n lọ la iná yẹn já, wọn ò kàn ráyè ṣe nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ẹ padà sórí Leo A. Nígbà tí wọ́n ka ìràwọ̀ ẹ̀ tán ní 2007, wọ́n rí i pé ó ju ìdá 90 nínú 100 ìràwọ̀ ẹ̀ lọ tí wọ́n bí láàárín bílíọ̀nù 8 ọdún tó kọjá yìí, ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn gálásì ńlá ti ń sinmi ni tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ó fara balẹ̀ ni, dark matter ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ultraviolet tó wà níta ń dín kù, gáàsì wá ráyè tutù. Síbẹ̀ wọ́n rí irú ìràwọ̀ kan nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RR Lyrae, tó máa ń mọ́lẹ̀, tó máa ń ṣe bàìbàì, láàárín ọjọ́ kan, irú ìràwọ̀ yẹn kì í sì í kéré sí bílíọ̀nù 10 ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ látijọ́ bí àwọn yòókù, ó kàn dúró ni. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu títí di báyìí ni Leo T, tí wọ́n rí ní 2007. Ìràwọ̀ inú ẹ̀ pọ̀ kò wúwo ju nǹkan bí oòrùn 100,000 lọ, gáàsì ẹ̀ wúwo ju ìràwọ̀ ẹ̀ lọ, ó sì ṣì ń bí ìràwọ̀ títí di àìpẹ́ yìí. Ó sún mọ́ àwọn tó kú látìgbà ìwáṣẹ̀ yẹn ní ìwọ̀n, òun ò kú. Ẹ fi Leo T sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Gálásì kékeré tó bọ́ lọ́wọ́ ooru tó wà níta ṣì ní ti inú ilé láti bá fà á. Ìràwọ̀ tó bá wúwo ju bí oòrùn 8 lọ, tó bá ti fẹ́ kú, á bú gbàmù, supanófà nìyẹn, agbára tó ń tú jáde á wá gbá gáàsì tó yí i ká dànù. Nínú Milky Way, ìyẹn ò tó nǹkan, gáàsì yẹn á ru sókè díẹ̀, á padà ṣubú. Nínú gálásì kékeré, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń ro ògì nínú ìkòkò kékeré lórí iná igi, tí ò bá ṣọ́ ọ, ògì á ru, á kún dé ẹnu, á dà sílẹ̀, á sì pa iná tó ń sè é. Ìkòkò ńlá ní ààyè tí ògì á fi ru láìdà. Gálásì kékeré bí ìràwọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wúwo nínú wọn bú lẹ́yìn mílíọ̀nù ọdún díẹ̀, gáàsì dà síta, ìràwọ̀ bíbí dáwọ́ dúró. Tó bá jẹ́ pé gáàsì yẹn ò sá lọ pátápátá, á tutù níbi tó wà, á padà wálé, iná á tún ràn. Torí ẹ̀ ni ìràwọ̀ bíbí nínú wọn fi máa ń wá ní sáà sáà, ó gbóná, ó kú, ó tún gbóná, kì í rìn gẹẹrẹ bíi ti gálásì ńlá.

Kì í ṣe àbá lásán nìyẹn, wọ́n rí i. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan wà tí háídírójìn máa ń tàn tí ìràwọ̀ tó wúwo gan-an bá wà nítòsí ẹ̀, ìyẹn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún tó kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ní tiẹ̀ ń jáde lára àwọn ìràwọ̀ tó fúyẹ́ díẹ̀ tí ẹ̀mí wọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ń sọ ti nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ọdún. Tí ìràwọ̀ bíbí bá ń rìn gẹẹrẹ, ó yẹ kí ohun tí méjèèjì ń sọ bára mu. Nínú gálásì ńlá, wọ́n bára mu. Nínú kékeré, ọ̀kan á ga, èkejì á lọ sílẹ̀, lónìí èyí ló lókè, nínú gálásì kejì tọ̀hún ló lókè, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n mú un níbi tó ti ń ru tàbí níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nìyẹn. Ní 2011, wọ́n fi Hubble rí gálásì kékeré 69 láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 9 ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ń bí ìràwọ̀ lọ́nà tó ṣe pé, tí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, iye ìràwọ̀ wọn á di ìlọ́po méjì láàárín mílíọ̀nù 10 ọdún péré. Kò sí gálásì tó lè máa bá irú ìyẹn lọ títí, gáàsì á tán, tàbí kó dà síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni Carina, gálásì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ìràwọ̀ inú ẹ̀ pín sí ìran ìran, ẹ̀ẹ̀kan látijọ́, ìdákẹ́ tó tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún, kó tó tún di pé ó gbéra.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ I Zwicky 18 síbí, torí àwọn ọmọ lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé gálásì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni. Atẹ́gùn ọ́síjìn inú ẹ̀ kéré gan-an sí ti oòrùn, gbogbo ohun tó ń tàn níbẹ̀ jẹ́ búlúù, wọ́n wá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní 2007 Hubble tún un wò dáadáa, ó rí àwọn ìràwọ̀ pupa tó ti dàgbà tó fara pamọ́ sáàárín àwọn búlúù. Ìràwọ̀ tuntun máa ń tàn bo àgbà mọ́lẹ̀ ni, ìyẹn ò ní kí àgbà má sí ńlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní gálásì kékeré kan nítòsí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti wá ìràwọ̀ àgbà tì.

Ó wá ku ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun ló ń pa èyí tó pọ̀ jù lónìí: aládùúgbò ńlá. Ní 2012, Marla Geha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ to ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálásì kékeré jọ, àwọn tí ìràwọ̀ wọn ò wúwo tó bílíọ̀nù kan oòrùn, wọ́n wá bi ara wọn pé àwọn tí ò bí ìràwọ̀ mọ́ nínú wọn, ibo ni wọ́n ń gbé? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn pátá, ẹ̀gbẹ́ gálásì ńlá ni wọ́n wà. Àwọn tó jìnnà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí gálásì ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń bí ìràwọ̀. Tí mo bá ní kí n mú èsì kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ yín, èyí ni mo máa mú. Ó ń sọ fún wa pé supanófà nìkan ò lè pa gálásì tó bá tó ìwọ̀n yẹn, ó lè dá a dúró fún sáà kan, gáàsì á padà wá. Ohun tó ń pa á ni pé kó wọ agbègbè gálásì ńlá. Gáàsì gbígbóná tín-ín-rín wà káàkiri gálásì ńlá, kékeré tó bá ń sáré kọjá nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á máa bọ́ gáàsì tiẹ̀ kúrò lára ẹ̀, òòfà ńlá náà á máa fà á ya. Ìràwọ̀ ò ní bọ́, gáàsì ló ń bọ́. Sculptor àti Fornax, tí Harlow Shapley kéde ní 1938, ẹ̀gbẹ́ Milky Way ni wọ́n wà, gáàsì ò sí nínú wọn mọ́. Sculptor ti parí iṣẹ́ tiẹ̀ tipẹ́, Fornax ṣe é títí di bí ìwọ̀nba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, bóyá torí òun tóbi jù ú lọ, tí kò sì tètè wọlé. Leo T tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, ó ṣì wà níta, Milky Way ò tíì tó ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òun ló jẹ́ kí gáàsì ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn méjì kan wà tó ń dà á rú díẹ̀, Tucana àti Cetus, wọ́n dá wà, gáàsì ò sí lọ́wọ́ wọn, àlàyé tí mo gbà jù ni pé wọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ gálásì ńlá kọjá nígbà kan kí wọ́n tó jáde padà.

Ẹ á ní Large Magellanic Cloud ńkọ́, òun náà kúkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Milky Way, ó sì ń bí ìràwọ̀ bí ẹní ń sáré, Tarantula Nebula tó wà nínú ẹ̀ wà lára ibi tí ìràwọ̀ bíbí ti le jù ní gbogbo àdúgbò wa. Ìdí méjì ni mo rí. Ó wúwo, gáàsì ẹ̀ ò rọrùn láti bọ́. Èkejì, bí wọ́n ṣe fi Hubble wọn ìrìn ẹ̀, eré tó ń sá pọ̀ débi pé ó jọ pé àbẹ̀wò àkọ́kọ́ tó ṣe sọ́dọ̀ wa nìyí. Bíbọ́ tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣá, gáàsì gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Magellanic Stream ti ń wọ́ tẹ̀ lé òun àti àbúrò ẹ̀, Small Magellanic Cloud, lójú ọ̀run. Ìtàn tiẹ̀ náà ò sì lọ gẹẹrẹ: àwọn àwùjọ ìràwọ̀ inú ẹ̀ pín sí àgbà gan-an àti àwọn tí ò tó bíi bílíọ̀nù 4 ọdún, àárín méjèèjì fẹ́ẹ̀ ṣófo. Wọ́n gbà pé bí òun àti àbúrò ẹ̀ yẹn ṣe ń fa ara wọn ló tún iná náà dá.

Ẹ lè fojú lásán rí i láti ọ̀dọ̀ wa, ìbéèrè yín tó kẹ́yìn nìyẹn. Abẹ́òkúta wà ní bíi dígírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Large Magellanic Cloud á fi bíi dígírì 13 yọ lókè ilẹ̀ ní gúúsù nígbà tó bá ga jù, ìyẹn bí ẹ̀ṣẹ́ kan lé díẹ̀ tí ẹ bá na ọwọ́ yín gbọọrọ. Ní Panseke tàbí Kútọ̀, iná ò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan. Gúúsù wa náà ni Ṣàngó-Ọ̀tà àti Èkó wà, iná wọn máa ń mú ojú ọ̀run ìsàlẹ̀ yẹn pọ́n. Tó bá jẹ́ èmi ni, apá Ayétòrò tàbí Ìmẹ̀kọ ni mo máa lọ, ní alẹ́ tí ò sí òṣùpá. Ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà ló dáa jù, òjò ti ń tán, ọyẹ́ ò tíì dé, ṣùgbọ́n bí aago 3 òru ni á ga jù, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ jáde lóru láìjẹ́ pé àwọn òbí wọn mọ̀, kí àgbàlagbà bíi mélòó kan sì tẹ̀ lé yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Fẹ́búárì, bí aago 9:30 alẹ́ ló máa wà níbẹ̀, ìyẹn rọrùn fún ọmọ, àfi kí eruku ọyẹ́ má dí i. Ẹ dojú kọ gúúsù, ẹ kọ́kọ́ wá Canopus, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run lẹ́yìn Sirius, kò ṣeé ṣì mú. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún, bí ẹ̀ṣẹ́ méjì tí ò pé. Ohun tí ẹ máa rí á dà bí ìkùukùu funfun kékeré tí afẹ́fẹ́ ò gbé lọ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tún wò ó, tó bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká, ìkùukùu gidi nìyẹn, òun kọ́. Small Magellanic Cloud lọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣe bàìbàì, mi ò ní fi yọ àwọn ọmọ lẹ́nu. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí àti aago sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ mọ ibi tí iná Èkó ti ń dí i àti ibi tí kò ti dí i.